Ẹni Tó Dúró Lẹ́yìn Lèmọ́mù

Láti kékeré ni n kò ti lè jókòó sójú kan. Ìyá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, máa ń sọ pé bí wọ́n bá fi okùn so mí mọ́ àga, àga náà á máa rìn káàkiri ilé ni. Ibì kan ṣoṣo ni ara mi ti máa ń balẹ̀: lórí ẹní, níwájú bàbá mi, lẹ́yìn ìrun asúbàá, nígbà tí wọ́n bá ń tún Àlùkùránì wọn kà láìwo ìwé.

Lèmọ́mù ni bàbá mi, ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan ní ìgboro Ìlọrin, níbi tí ògiri agboolé kan ti ń fara kan ti èkejì. Wọn kì í kí ìrun Jímọ̀ níbẹ̀ o. Tó bá di Jímọ̀, gbogbo wa á gba mọ́ṣáláṣí ńlá lọ. Ìrun ojoojúmọ́ ni tiwa. Àmọ́ baba tó bí bàbá mi ló kọ́kọ́ ṣe lèmọ́mù ibẹ̀, bàbá mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn tó dùn mọ́ wọn tó kí wọ́n dúró níwájú, kí kéwú máa jáde lẹ́nu wọn geere.

Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, èmi ni wọ́n ní kí n máa di ìwé mú. Wọ́n á máa kà á lọ, èmi á máa fi ìka tẹ̀ lé wọn nínú ìwé. Tí wọ́n bá dúró níbi tí kò yẹ kí wọ́n dúró, èmi ni n ó sọ ọ̀rọ̀ tó kàn, kíákíá.

"Tó o bá gbọ́ pé mo sọnù, má dákẹ́," wọ́n á ní. "Tó o bá dákẹ́, o ti fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn."

Bó ṣe wà nínú ẹ̀sìn wa náà nìyẹn. Tí lèmọ́mù bá gbàgbé lórí ìrun, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa rán an létí, wọ́n á sì sọ ọ́ sókè kó lè gbọ́. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ọkùnrin ló ń sọ ọ́. Àwa obìnrin tá a wà ní sàfù ẹ̀yìn, ìyẹn ìlà tó kẹ́yìn, àtẹ́wọ́ là ń pa tí lèmọ́mù bá ṣìṣe. Nítorí náà, inú ilé nìkan ni mo ti máa ń la ẹnu fún bàbá mi. Ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbọ́n mi Gàníyù ló ń dúró lẹ́yìn wọn. Òun ni náíbì, ìyẹn igbákejì wọn. Ó ti kó lọ sí àdúgbò Fate, ó sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní GRA, àmọ́ kò sí ọjọ́ tí kì í padà wá kírun lẹ́yìn Bàbá.

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ sí ìlú òyìnbó, bàbá mi ṣe àdúà fún mi títí orúnkún fi ń ro mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi mí, bí ẹni ń ṣàwàdà, "Ta ni yóò wá máa di ìwé mú?" Mo ní Ẹ̀gbọ́n á máa dì í mú. Bàbá rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì gbé àpò mi.

*

Iṣẹ́ tíátà ni mo kọ́ ní yunifásítì Malété, níbi tá a ti máa ń du ààyè nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní Ìlọrin tí ọ̀sẹ̀ bá ti parí. Ìlú òyìnbó ni mo wá láti fi kún un. Ìlú tí mo bọ́ sí wà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé bíríkì pupa ni gbogbo rẹ̀, òjò rẹ̀ kì í sì í rọ̀ kó dá. Ó kàn máa ń ta sí èèyàn lára ṣáá.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí lọ́kàn rú ni pé wọ́n ní ká máa pe olùkọ́ wa ní Hélẹ́nì. Obìnrin tó ju ìyá mi lọ! Mo gbìyànjú rẹ̀, ẹnu mi wúwo. Mo wá ń pè é ní "Hélẹ́nì, mà", títí tó fi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ìdákẹ́. Wọ́n á dákẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á dákẹ́ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á dákẹ́ nídìí oúnjẹ. Ọkùnrin kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá mi, ògiri ló là wá láàárín. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́, àmọ́ tá a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ ni yóò máa wò. Nílé, tí mo bá sùn ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, wọn á ti kan ilẹ̀kùn mi pé ṣé kò sí o. Níbí, mo ṣàìsàn débi pé n kò lè dìde mu omi, ara mi yá, mo jáde, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ohunkóhun ṣe mí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Àìsàn náà kọ́ ló pa mí lẹ́kún. N kò rí ẹni tí n ó ròyìn rẹ̀ fún ni.

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn bá mi sọ̀rọ̀, ìwé ni mò ń kà. Wọ́n ti fún wa ní eré tá a máa kà fún kíláàsì. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ilé kéwú sì ni mo mọ ìwé kà: èèyàn á máa mi síwá sẹ́yìn, á máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu, á tún un sọ, á tún un sọ, títí á fi wọ orí. Bí mo ṣe ń mi síwá sẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo gbọ́ ko-ko-ko lára ògiri. "Jọ̀ọ́," ohùn kan sọ, "ṣé o lè máa kà á sínú?"

Àmọ́ mo há eré náà sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tá a dé kíláàsì, Hélẹ́nì bèèrè pé kí la rò nípa rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi rò ó lóríṣiríṣi, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa, inú bí mi. Èmi tí mo ní gbogbo eré náà lórí, kò sẹ́ni tó bèèrè èyí lọ́wọ́ mi.

Mo ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń to ẹrù tí àwọn èèyàn rà lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ẹrù á máa gba ojú bẹ́líìtì kọjá, a ó máa jù ú sínú àpò ìlú tó ń lọ. Ara mi fẹ́ràn iṣẹ́ náà nítorí pé òró là ń dúró, ọwọ́ ò sì gbọdọ̀ sinmi. Ọkàn mi ni kò fẹ́ ẹ. Mo máa ń wo orúkọ ìlú lára ẹrù, mo máa ń rò ó pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló mọ ibi tó ń lọ àyàfi èmi.

Ẹ má rò pé ìyà nìkan ni mo jẹ o. Mo ní ìṣẹ́gun tèmi. Àárò wàrà ń ṣe mí, wàrà gidi, èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní máa ń rù wá sí ìgboro. Mo ra mílíìkì ní ṣọ́ọ̀bù, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo gbé e kaná. Àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ìkejì bàjẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e dì, mo sẹ́ ẹ, mo dín in, mo fi ata sí i. Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró nídìí sítóófù, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Ó dà bíi wàrà lóòótọ́, àmọ́ kí ló dé tójú ẹ̀ funfun bí òyìnbó?"

*

Ẹ̀gbọ́n náà ló pè mí nígbà tí ìrìn àjò wa sí Dọ́blìn kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Yunifásítì wa ló ń kó wa lọ, àwa tá à ń kọ́ tíátà àti àwọn tó ń kọ́ orin, ká lọ fi odindi ọ̀sẹ̀ kan wo eré, ká sì gbọ́ orin àwọn olórin ńlá. Mò ń di aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún.

"Àbúrò mi, ṣé o ráyè?"

"Mo ráyè, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé kò sí o?"

"Ó wà díẹ̀. Bàbá ni. Wọ́n ń gbàgbé."

"Ta làgbà tí kì í gbàgbé?"

"Kì í ṣe ibi tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí ni mò ń wí. Orí ìrun ni. Mọ̀gàríbì àná, wọ́n dúró sójú Fátíhà. Fátíhà o, àbúrò! Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wàláà ò ní í gbàgbé ẹ̀."

"Ṣé ẹ rán wọn létí?"

"Ẹnu mi ò gbé e," ó ní. "Ta ni n ó rán létí? Bàbá mi? Lórí Fátíhà? Gbogbo sàfù ló dákẹ́. Wọ́n fò ó, wọ́n tẹ̀ fún rúkúù, gbogbo wa tẹ̀ lé wọn. Nígbà tá a ṣe tán, kálukú lọ tún ìrun tiẹ̀ kí nílé, níkọ̀kọ̀. Kì í sì í ṣe àná nìkan."

Mo jókòó sórí àpò mi. Mo rí gbogbo àdúgbò náà lójú mi, tí olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tó ń tún ìrun kí nítorí bàbá mi, tí bàbá mi ò sì mọ̀.

"Àwọn àgbà jàmáà ti ṣèpàdé láìpe Bàbá sí i," Ẹ̀gbọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n ní àwọn ò lè máa kírun lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, tá a bá kí alaasari tán, wọ́n máa dìde níbẹ̀, wọ́n á ní kí Bàbá kúrò níwájú."

"Lójú gbogbo èèyàn?"

"Lójú ọmọdé, lójú àgbà. Tó bá fi rí bẹ́ẹ̀, Bàbá ò ní í lè gbójú sókè mọ́ láàárín ìlú. Àmọ́ tí Bàbá bá fúnra wọn gbé ipò náà sílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, iyì wọn á pé. Ìwọ ni kó o bá wọn sọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ wà nílé, Ẹ̀gbọ́n."

"Èmi ni náíbì. Tí n bá ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ṣe ni wọ́n á ní mò ń du ipò. Tìẹ ni Bàbá máa ń gbọ́. Jọ̀ọ́, àbúrò, kí Jímọ̀ tó dé."

Mo ní n ó pè wọ́n.

*

Mo pè wọ́n lóòótọ́. Mo pè wọ́n láti Dọ́blìn lọ́jọ́ tá a débẹ̀, létí odò tó gba àárín ìlú náà kọjá. Àwọn ẹyẹ ńlá funfun kan ń ké bí ẹni ń bú ara wọn.

"Ṣé ò ń jẹun?" Bàbá bi mí.

"Mò ń jẹun, Bàbá."

"Ṣé mùsùlùmí wà níbi tẹ́ ẹ lọ yìí?"

"Wọ́n wà, Bàbá."

"Gàníyù ní eré lẹ lọ wò. Eré nìkan?"

"Àti orin, Bàbá. Ẹ̀kọ́ ni."

"Ẹ̀kọ́ ni ná," wọ́n ní, mo sì gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn wọn. "Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n padà pè yín." Mo gbé fóònù sápò. Mo rìn láti afárá kan dé òmíràn, mo padà, mo tún lọ, títí Hélẹ́nì fi rí mi tó ní, "Ìwọ náà, ṣé ẹsẹ̀ rẹ kì í rẹ̀ ọ́ ni?"

Wọ́n kó wa lọ gbọ́ orin. Gbọ̀ngàn náà ga, iná rẹ̀ rọra ń tàn, àwọn tó ń ta gòjé òyìnbó pọ̀ débi pé tí gbogbo wọn bá fa ọ̀pá sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ni atẹ́gùn ń fẹ́. Orin náà dùn. N kò ní í parọ́, ó dùn débi tí ó ń dùn mí. Ní Ìlọrin, tí ẹni tó ń ka kéwú bá gbé ohùn sókè tó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn á pariwo "Allāhu!", ẹni náà á tún rí agbára sí i. Níbí, wọ́n jókòó bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n pa ikọ́ mọ́ra, ìgbà tí orin dúró díẹ̀ ni gbogbo ilé húkọ́ pọ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, àga mi ń dún, màmá arúgbó kan tó jókòó tì mí fún mi ní súùtì mẹ́ńtà. N kò mọ̀ bóyá àánú ló ṣe é ni tàbí ó fẹ́ kí n jẹ́ kó gbádùn.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé wọn ò ní í dákẹ́ mọ́. Mo mọ̀ pé ìyìn ni o. Tíátà ni mo kọ́. Àmọ́ láti kékeré ni etí mi ti ń gbọ́ àtẹ́wọ́ lẹ́yìn lèmọ́mù, àyà mi sì ṣì máa ń já díẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Ọkùnrin tó ń darí orin náà tẹríba, ó tún tẹríba. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá, mo rò ó pé lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣé àtẹ́wọ́ ìyìn ni wọ́n máa pa fún wọn àbí ti àṣìṣe?

Lójoojúmọ́ ni Ẹ̀gbọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. *Ṣé o ti sọ ọ́?* N kò tíì sọ ọ́. Mo máa ń pè, a ó sọ̀rọ̀ oòrùn, a ó sọ̀rọ̀ ẹ̀wà, n ó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo bínú sí Ẹ̀gbọ́n. Mo bínú sí ara mi náà. Kí ló kàn mí pẹ̀lú Dọ́blìn? Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn nílé pé ìwé ni mo wá kà, pé tí mo bá parí, Ìlọrin ni n ó padà sí. Àmọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ilé fún mi, ṣe ló ń dà bíi pé nǹkan tó ti kọjá ni wọ́n ń ròyìn. Tí n bá sì wà láàárín àwọn òyìnbó, n kì í gbọ́ nǹkan kan ju ilé lọ. Ìjókòó mi ò gún níbì kankan.

*

Ọ̀sán Tọ́sìdeè, wọ́n kó wa lọ wo eré tí mo há sórí. Òun gan-an ni Hélẹ́nì fi ṣe gbòógì ìrìn àjò náà, torí pé ògbólógbòó òṣèré kan ló ń ṣe bàbá apẹja tó wà nínú rẹ̀. A jókòó ní iwájú, ẹsẹ̀ mi ò sì gbọ̀n. Bí òṣèré kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń la ẹnu, ètè mi ń bá a lọ.

Ó kù díẹ̀ kí eré parí, bàbá apẹja náà dúró létí òkun, ó ń pe orúkọ àwọn tí omi gbé lọ. Ó fara balẹ̀ pè wọ́n. "Máíkù. Pátíríìkì. Tọ́máàsì. Tọ́máàsì kejì."

Ó dúró.

Orúkọ tó kàn ni Dáníẹ̀lì. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Bàbá arúgbó náà dúró níwájú wa, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ojú rẹ̀ ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò. Mo mọ ojú yẹn. Gbogbo ilé dákẹ́. Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún un? Ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀?

"Dáníẹ̀lì!" mo ké.

Ó jáde bó ṣe máa ń jáde lórí ẹní bàbá mi, ó le, ó já gaara. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lókè. Gbogbo orí yí sí mi. Ìgbà yẹn gan-an ni mo rántí ẹni tí Dáníẹ̀lì jẹ́ nínú eré náà: ọmọ bíbí inú apẹja yẹn ni. Ìdí tó fi dúró nìyẹn. Kò lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òkú, èmi wá bá a pè é. Ìwé tí mo há sórí, ọ̀rọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Bàbá òṣèré náà wo ibi tí mo wà. "Dáníẹ̀lì," ó sọ jẹ́jẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni. Dáníẹ̀lì." Ó sì bá eré lọ.

Níta, Hélẹ́nì ò pariwo mọ́ mi. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. "Àlejò la jẹ́ níbí," ó ní, ọrùn rẹ̀ sì ti pọ́n. "Ibi tó dára jù nínú eré náà lo bà jẹ́. Kí ló ṣe ọ́?"

Mo ní kó máa bínú, mà. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

Wọ́n ti ṣètò pé àwọn òṣèré á wá bá wa mu tíì lẹ́yìn eré. Mo lọ fara pamọ́ sídìí fèrèsé. Bàbá òṣèré náà wọlé, ó ti nu àtíkè kúrò lójú, ó wá rí bí àgbàlagbà tó ti rẹ̀.

"Ta ló bá mi pe Dáníẹ̀lì?" ó bèèrè.

Mo nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Ó gbé àga rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

"Kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ fún un nípa lèmọ́mù, àti àwọn tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, pé tẹ́ni tó wà níwájú bá gbàgbé, a kì í fi í sílẹ̀. Mo ní mo mọ̀ báyìí pé kò gbàgbé, kó jọ̀ọ́ má bínú.

Ó ro tíì rẹ̀ títí. "N kò gbàgbé lónìí," ó ní. Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré yìí, kò sí ìdákẹ́ kankan níbẹ̀. Mo máa ń pe gbogbo wọn tẹ̀ lé ara wọn ni. Lọ́jọ́ kan, mo dé ibẹ̀, orúkọ náà ò wá. Orí mi ṣófo. Gbogbo ilé dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Ó pẹ́ kó tó wá. Nígbà tá a parí, wọ́n ní n kò ṣeré tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Olùdarí wa ní kí n máa dúró níbẹ̀ lójoojúmọ́."

Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀.

"Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà," ó ní. "Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ká ní ẹnì kan ké bó o ṣe ké yẹn, mi ò ní í bínú sí i."

*

Mo jáde bọ́ sí ìta, n kò mú aṣọ òtútù mi dání. Mo pe bàbá mi.

"Bàbá," mo ní, n kò tíì kí wọn tán. "Ẹ̀ ń gbàgbé lórí ìrun."

Mò ń gbọ́ adìẹ ní àgbàlá wa.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n ni."

"Gàníyù." Wọ́n pe orúkọ náà jẹ́jẹ́. "Ó wà lẹ́yìn mi, ó gbọ́, kò wí nǹkan kan. Ìlú òyìnbó ló wá rántí pè."

"Ojú ló ń tì í, Bàbá. Ojú ń ti gbogbo wọn. Tí wọ́n bá délé, wọ́n ń tún ìrun wọn kí."

Kí n tó sọ ìyẹn, n kò mọ̀ pé n ó sọ ọ́. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, Bàbá. Lọ́la, lẹ́yìn alaasari, àwọn àgbà fẹ́ dìde láti ní kí ẹ kúrò níwájú. Ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ dákun, Bàbá, ẹ fúnra yín gbé e fún Ẹ̀gbọ́n." Ẹkún ti gbà mí lọ́nà. "Ẹ dákun."

Ohun tí wọ́n wí kò ju, "Mo ti gbọ́," wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n tún kó wa lọ gbọ́ orin. Mo bá Hélẹ́nì sọ ọ́ pé n kò lè wọlé. Ó wò mí lójú, kò bi mí ní ìbéèrè. Mò ń rìn yíká gbọ̀ngàn náà títí Ẹ̀gbọ́n fi pè.

"Bàbá ò jẹ́ kí alaasari bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Wọ́n kọjú sí wa. Wọ́n ní, 'Orí mi ò dúró mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn mi mọ̀, ẹ ò sọ fún mi. Ọmọ mi obìnrin ló sọ fún mi, láti ìdálẹ̀.' Wọ́n ní kí n bọ́ síwájú. Wọ́n wá dúró síbi tí mo máa ń dúró sí. Àbúrò, mi ò mọ bí mo ṣe kí ìrun náà."

"Àwọn àgbà ńkọ́?"

"Ṣe ni wọ́n ń bẹ Bàbá. Ẹnì kan kùn pé obìnrin ò lẹ́nu níbẹ̀, Bàbá kàn wò ó ni, ó sì dákẹ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójú títì, àwọn òyìnbó ń yà fún mi. Iyì bàbá mi pé. Mo pè wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọn ò gbé e.

Wọn ò gbé e lọ́jọ́ kejì, wọn ò gbé e nígbà tá a padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mò ń to ẹrù, fóònù wà láyà mi. Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n wà dáadáa, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìgbà tí mo ti ń rò ó pé wọn ò ní í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ni wọ́n pè, ní àárọ̀, bí mo ṣe ń wọ bàtà.

"Mo bínú sí ọ," wọ́n ní.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo bínú torí pé ò sí níbí. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò rí ojú ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Mo wá ń rò ó. Ká ní ẹ̀gbẹ́ mi lo wà, tó ò ń gbé oúnjẹ fún mi, tó ò ń kí mi láàárọ̀, ṣé wàá lè sọ ọ́?"

Mo fẹ́ parọ́. Bàbá mi ni, n kò lè ṣe é.

"Rárá, Bàbá," mo ní. "Mi ò ní í lè sọ ọ́."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Gàníyù ò kúkú ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ràn mi." Wọ́n húkọ́. "Dúró síbẹ̀ ná, ọmọ mi. Ó dára kí ẹnì kan nínú ilé yìí jìnnà sí mi."

Wọ́n ṣe àdúà fún mi, mo ṣe àmín. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìgbà wo ni mò ń padà sí Ìlọrin, mo máa ń sọ pé láìpẹ́ ni. Ohun tí bàbá mi wí, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.